Ẹ̀RỌ AKÀWÉ ÀTI ORIN ORÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ: IPÒ ÀMÌ OHÙN NÍNÚ PÍPE ÀKỌLÉ ORIN YORÙBÁ

1.0 Ìfáárà

Àwọn olórin tí ó jáde láti Súrùlérè, Muṣin àti Bàrígà ti sọ orúkọ àdúgbò wọn di mímọ̀ káàkiri ayé. Ní 2014 ni Wizkid, ọmọ Ojúẹlẹ́gba ní Súrùlérè, gbé orin tí ó fi orúkọ àdúgbò náà pè jáde nínú àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ Ayọ̀. Ẹni tí ó wà ní Yábàá àti ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀n lè gbọ́ orin náà lọ́jọ́ kan náà lórí Spotify, Apple Music tàbí Boomplay. Ṣùgbọ́n bí orin náà ti ń rìnrìn àjò, orúkọ rẹ̀ ti fi nǹkan sílẹ̀ lẹ́yìn. “Ojuelegba” ni a kọ sílẹ̀, láìsí àmì lábẹ́ tàbí àmì lórí. “Ayo” ni a kọ sára àwo. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò ka méjèèjì bí ó ti yẹ nítorí pé ó ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí yẹ̀ wò ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá so iléeṣẹ́ orin orí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ akàwé, kí ẹ̀rọ náà lè máa pe àkọlé orin àti orúkọ olórin kí orin tó bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ti máa ń ṣe. Ẹ̀rọ akàwé níhìn-ín ni ètò kọ̀ǹpútà tí ń gba ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀, tí ó sì ń sọ ọ́ jáde bí ènìyàn. Ìsopọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kò béèrè pé kí ènìyàn mọ èdè kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyí tí a fi lè pè é ní ìsopọ̀ láìkọ kóòdù.

Èrò tí a gbé kalẹ̀ ni pé ibi tí irú ìsopọ̀ yìí ti ń já fún èdè Yorùbá kì í ṣe inú ìsopọ̀ fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe inú ẹ̀rọ akàwé nìkan. Inú àkọtọ́ àkọlé orin ni ó ti ń já, kí orin tó dé orí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Nítorí náà, iṣẹ́ onímọ̀ èdè pọ̀ nínú àtúnṣe rẹ̀ ju bí a ti lè rò lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fàájì lásán. Láti 1962 ni Iléèwé Pacelli fún àwọn ọmọ tí kò ríran ti wà ní Súrùlérè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran sì wà ní yunifásítì pẹ̀lú. Fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ akàwé ni ojú tí wọ́n fi ń wo fóònù àti kọ̀ǹpútà. Bí ẹ̀rọ bá pe orúkọ olórin débi tí kò jọ orúkọ mọ́, ẹni tí ó ríran lè wo àkọsílẹ̀ kí ó sì tún un ṣe lọ́kàn ara rẹ̀. Ẹni tí kò ríran kò ní ohun mìíràn tí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

2.0 Ìtàn Ìbáṣepọ̀ Ẹ̀rọ Asọ̀rọ̀ àti Orin

Ìbáṣepọ̀ yìí ti pẹ́ díẹ̀. Ní 1961, ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, John Kelly àti Carol Lochbaum mú kí kọ̀ǹpútà kọ orin “Daisy Bell”, Max Mathews sì ṣètò ìró ohun èlò orin tí ó gbè é. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ẹ̀rọ tí ó bá lè ṣàkóso bí ìró ti ń lọ sókè àti sísàlẹ̀ lè sọ̀rọ̀, ó sì lè kọrin.

Èyí tí ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ wa jù lọ ni ètò tí Spotify pè ní DJ. Ní 2022 ni Spotify ra Sonantic, iléeṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀n. Ní oṣù kejì 2023, ó gbé DJ jáde ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ètò náà dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, Nàìjíríà wà lára wọn. Ohùn òṣìṣẹ́ Spotify kan, Xavier Jernigan, ni a fi ṣe àwòṣe rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ nípa orin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láàrin orin kan àti èkejì. Ètò tí iléeṣẹ́ ṣe parí fúnra rẹ̀ nìyí. Olùgbọ́ kò lè wọ inú rẹ̀ láti tún orúkọ kan pè. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a pe orin fún òun ní Yorùbá ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ so àwọn nǹkan pọ̀.

3.0 Bí Ìsopọ̀ Láìkọ kóòdù Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Gbólóhùn oníbọ̀ kan ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìsopọ̀ yìí: bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ṣe ìyẹn. Inú gbólóhùn yìí gan-an, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ni IFTTT ti fa orúkọ rẹ̀ yọ nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 2010. Zapier tẹ̀ lé e ní 2011, n8n sì jáde láti Berlin ní Jámánì ní 2019. Lójú kọ̀ǹpútà, àwọn àpótí kéékèèké ni olùlò ń rí. Àpótí kan dúró fún iléeṣẹ́ orin, èkejì fún ìwé-ìṣirò, ẹ̀kẹta fún ẹ̀rọ akàwé. Ìlà ni ó ń fi so wọ́n pọ̀. Irú ohun èlò báyìí ti mú kí ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lè ṣe ohun tí ó jẹ́ pé àwọn ọ̀jáfáfá tí ń pé jọ sí ibi bíi Co-Creation Hub, tí ó ṣílẹ̀kùn ní Yábàá ní 2011, nìkan ni à bá ní kí ó ṣe é.

Ìsopọ̀ tí ń pe àkọlé orin ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Ìkíní, olùlò fi orin kan kún àkójọ orin rẹ̀. Ìkejì, ìsopọ̀ gba àkọlé orin náà àti orúkọ olórin lọ́wọ́ iléeṣẹ́ orin. Ìkẹta, ó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ akàwé. Ìkẹrin, ẹ̀rọ akàwé dá ìró padà, a sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́ títí orin náà yóò fi kàn.

Ohun méjì ni ó fà á tí ó fi dára kí a ṣe ìpè náà sílẹ̀ nígbà tí a bá ń fi orin kún àkójọ, dípò ìgbà tí orin bá bẹ̀rẹ̀. Èkíní ni pé púpọ̀ nínú àwọn ìsopọ̀ wọ̀nyí kì í gbọ́ ìròyìn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ń lọ yẹ ilé wò lóòrèkóòrè ni. Bí ìṣẹ́jú 15 bá wà láàrin ìbẹ̀wò kan àti èkejì, orin oníṣẹ́jú mẹ́rin yóò ti parí kí ìpè rẹ̀ tó dé. Èkejì ni òfin. Ìlànà Spotify fún àwọn tí ń kọ́ ohun èlò sórí iṣẹ́ rẹ̀ ka dída ìró mìíràn lé orin lórí léèwọ̀. Nítorí náà, ìpè gbọ́dọ̀ parí kí orin tó bẹ̀rẹ̀. A kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí orin bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò ti máa ń ṣe nígbà mìíràn.

Kókó kan wà tí kò yẹ kí a gbójú fò. Ọ̀rọ̀ lásán ni ó ń ti ọwọ́ àpótí kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì. Ìsopọ̀ jẹ́ òjíṣẹ́ tí kò gbọ́ èdè tí a fi rán an. Bí a bá fún un ní “Ayo”, “Ayo” ni yóò fi jíṣẹ́. Kò mọ̀ bóyá ayọ̀ ni tàbí ayò.

4.0 Ẹ̀rọ Akàwé àti Èdè Yorùbá

Iṣẹ́ ẹ̀rọ akàwé pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ó ní láti yí lẹ́tà padà sí ìró àti ohùn. Ó ní láti pinnu bí sílébù kọ̀ọ̀kan yóò ti ga tó àti bí yóò ti gùn tó. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ìró jáde. Ọ̀nà kejì ni ó ṣòro jù fún èdè olóhùn bíi Yorùbá, nítorí pé ohùn mẹ́ta tí a ń kọ kì í dúró lójú kan nínú gbólóhùn. Ohùn òkè tí ó tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gùn bọ̀ láti ìsàlẹ̀, gbogbo ohùn gbólóhùn a sì máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń lọ sópin. Ọdẹ́jọbí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2006 lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ṣe èyí fún Yorùbá àjùmọ̀lò.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀nà yí padà. Dípò kí a kọ òfin fún ẹ̀rọ, a ń fún un ní ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀ pọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ó fúnra rẹ̀ kọ́ bí ọ̀kan ti bá èkejì mu. Ní 2020, Gutkin, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn mìíràn gbé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan jáde fún ẹnikẹ́ni láti lò. Ó lé ní wákàtí mẹ́rin, ọkùnrin àti obìnrin 36 ni ó sọ ọ́, gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni ó sì ní àmì lórí àti àmì lábẹ́ pé pérépéré. Ní 2023, iléeṣẹ́ Meta gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ń ka èdè tí ó lé ní 1,100, Yorùbá sì wà nínú wọn. Bíbélì kíkà ni púpọ̀ nínú ohun tí a fi kọ́ ọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Èkó ní Akọ́kà gbé YarnGPT jáde, èyí tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Nàìjíríà ti ń sọ ọ́, tí ó sì ń ka Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá.

Nítorí náà, kò tún tọ́ mọ́ láti sọ pé kò sí ẹ̀rọ tí ó lè ka Yorùbá. Ẹ̀rọ wà. Ìbéèrè tí ó kù ni ohun tí a ń fún ẹ̀rọ náà kà.

5.0 Ibi tí Ìsopọ̀ Ti Ń Já

Ìpàdé tí àwọn oníjọ CMS ṣe ní Èkó ní oṣù kìíní 1875 ti jíròrò lórí bí ó ti yẹ kí a máa kọ Yorùbá. Àkọtọ́ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 1974 náà sọ bí ó ti yẹ kí a máa fi àmì sí i. Síbẹ̀, lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwo orin jùjú, àpàlà àti fújì, lẹ́tà gbàgẹ̀rẹ̀ ni a fi kọ àkọlé. Ohun tí a kọ sára páálí àwo ni a dà kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àṣìṣe àtijọ́ ni, iléeṣẹ́ orin tuntun kàn jogún rẹ̀ ni.

Kí ni àìfàmìsí yìí ń ba jẹ́? Ẹ jẹ́ kí a fi lẹ́tà mẹ́ta, owo, ṣe àpẹẹrẹ, bí ẹni pé òun ni àkọlé orin:

(1) (a) owó (àárín, òkè): ohun tí a fi ń rajà
(b) ọwọ́ (àárín, òkè): ẹ̀yà ara
(d) òwò (ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀): kárà-kátà
(e) ọ̀wọ̀ (ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀): àpọ́nlé
(ẹ) ọwọ̀ (àárín, ìsàlẹ̀): ohun tí a fi ń gbálẹ̀
(f) ọ̀wọ́ (ìsàlẹ̀, òkè): àwọn nǹkan tàbí ẹranko tí ó wà pa pọ̀

Bí a kò bá fi àmì kankan sí i, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di ẹyọ kan. Bí a bá fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà nìkan, ọ̀wọ́ méjì ni a rí: (a) àti (d) wà lọ́tọ̀, mẹ́rin yòókù wà lọ́tọ̀. Bí a bá fi àmì ohùn sí i láìfi ti abẹ́ sí i, ọ̀wọ́ mẹ́rin ni a rí: (a) àti (b) wà pọ̀, (d) àti (e) wà pọ̀, (ẹ) dá dúró, (f) dá dúró. Ìgbà tí àmì méjèèjì bá pé ni ọ̀rọ̀ mẹ́fà tó di mẹ́fà. Nínú àpẹẹrẹ yìí, iṣẹ́ tí àmì ohùn ń ṣe pọ̀ ju ti àmì abẹ́ lẹ́tà lọ, bẹ́ẹ̀ òun ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń pa tì.

Nǹkan kan tún wà tí ó burú ju àìdájú lọ. Nínú àkọtọ́ Yorùbá, ohùn àárín kì í gba àmì. Ìtumọ̀ èyí ni pé sílébù tí kò ní àmì ti sọ nǹkan: ó sọ pé ohùn àárín ni òun. Bí a bá kọ “Ayinde” fún Àyìndé, a kò dákẹ́ nípa ohùn orúkọ náà. A pa irọ́ nípa rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó bá tẹ̀ lé òfin àkọtọ́ yóò pe sílébù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ohùn àárín, ẹjọ́ kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni “Asake”, orúkọ ìyá tí gbajúmọ̀ olórin kan fi ń jẹ́. Nígbà tí a bá yọ àmì kúrò lára Àṣàkẹ́, ohùn rẹ̀ lọ, ìró ṣ náà lọ. Olórin tí ó bá yin iṣẹ́ lè di ẹni tí ẹ̀rọ sọ pé ó yin ìṣẹ́.

A lè sọ pé kí ẹ̀rọ mìíràn bá wa fi àmì sí i. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà. Adégbọlá àti Odilinye ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 2012, Orife náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2018. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó yí ọ̀rọ̀ ká ni irú ẹ̀rọ yìí fi ń mọ àmì tí ó yẹ. Nínú gbólóhùn bíi “Mo na owo mi tan ni oja”, ọ̀rọ̀ na àti oja yóò fi hàn án pé owó ni. Àkọlé orin kì í sábà ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ. Kò ní aládùúgbò tí yóò jẹ́rìí sí i. Àkọlé ni irú àkọsílẹ̀ tí ó nílò àmì jù, òun náà ni ó sì ṣòro jù fún ẹ̀rọ láti fi àmì sí.

6.0 Àfiwé pẹ̀lú Ìlù Dùndún

Kò yẹ kí ìṣòro yìí ṣe àjèjì sí onímọ̀ Yorùbá, nítorí pé àwọn àyàn ti bá ẹnìkejì rẹ̀ jà láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyáàlù dùndún ń gbé ohùn láìgbé kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì. Àkọlé orin orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbé kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì láìgbé ohùn. Bí a bá fi ìlù sọ àwọn ọ̀rọ̀ inú (1), ọ̀wọ́ mẹ́rin kan náà tí àmì ohùn nìkan fún wa ni yóò jáde: ìlù kò lè ya owó sọ́tọ̀ kúrò lára ọwọ́, kò sì lè ya òwò sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀wọ̀.

Báwo ni àyàn ṣe ń borí èyí? Kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ènìyàn kí ó sì dákẹ́. Ó ń so orúkọ mọ́ oríkì, ó ń so ọ̀rọ̀ mọ́ gbólóhùn tí etí ti mọ̀, títí gígùn ọ̀rọ̀ náà yóò fi lé àṣìgbọ́ lọ. Ìlànà méjì ni a lè kọ́ nínú èyí. Àkọ́kọ́, ohun tí ó ṣẹ́ kù ní apá kan ni a ń fi apá mìíràn dí. Ìkejì, ìmọ̀ tí ń dí i kò sí nínú ohun èlò. Ọ̀dọ̀ ènìyàn tí ó ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ni ó wà. Kò sí ìyáàlù tí ó mọ oríkì. Àyàn ni ó mọ̀ ọ́n.

7.0 Ìwé Àkọtọ́ Láàrin Ìsopọ̀

Àtúnṣe tí a dábàá kò gba ẹ̀rọ tuntun. Láàrin ìgbésẹ̀ kejì àti ìkẹta tí a mẹ́nu bà ní 3.0, kí a fi ìwé-ìṣirò kan há a. Inú rẹ̀ ni a ó ti kọ àkọlé bí iléeṣẹ́ orin ti kọ ọ́, àkọlé náà pẹ̀lú àmì pípé, àti gbólóhùn tí a fẹ́ kí ẹ̀rọ kà. Kí ìsopọ̀ kọ́kọ́ wo inú ìwé yìí. Bí ó bá rí orin náà, kí ó fi gbólóhùn alámì ránṣẹ́. Bí kò bá rí i, kí ó kọ orin náà sí ìsàlẹ̀ ìwé, kí onímọ̀ èdè lè wá fi àmì sí i. Ìwé náà yóò máa pọ̀ sí i bí a ti ń lò ó.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Èkíní ni bí ìsopọ̀ yóò ṣe dá orin mọ̀. Kò yẹ kí a fi àkọlé wá a, nítorí pé ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà bíi ẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Ó lè jẹ́ ẹ tí a fi àmì òkè lé lórí. Ó lè jẹ́ é tí a fi àmì sí lábẹ́. Ó sì lè jẹ́ e lásán tí àmì méjèèjì tẹ̀ lé. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ tí a kò bá kìlọ̀ fún, mẹ́ta ni wọ́n. Nọ́ńbà ISRC ni ó yẹ kí a lò, èyí tí a ti là kalẹ̀ fún orin tí a gbà sílẹ̀ láti 1986. Lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá ni, kò sì ní àmì kankan tí ó lè sọ nù.

Èkejì ni bí a ó ṣe mọ àmì tí ó tọ́. Orin fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, nítorí pé olórin sábà máa ń pe àkọlé nínú orin. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí yìí kì í ṣe èyí tí a lè gbà gbọ́ pátápátá. Orin ìsìn tí a fi Yorùbá kọ sí ohùn orin òyìnbó ti fi hàn pé ìró orin lè tẹ ohùn ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ gbọ́ gbogbo orin náà, kì í ṣe àkọlé rẹ̀ nìkan.

Ẹ̀kẹta kan àwo fújì àtijọ́. Ní ayé àwo ńlá, ojú kan àwo a máa tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, olórin a sì máa ti inú orin kan bọ́ sí òmíràn láìdánu dúró. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àkọlé kan ṣoṣo ni irú ojú àwo bẹ́ẹ̀ sábà ń jẹ́. Bí ẹ̀rọ tilẹ̀ pe àkọlé náà dáadáa, kò tíì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Níhìn-ín ni ìlànà àyàn ti wúlò jù. Gbólóhùn tí a kọ sínú ìwé lè gùn ju àkọlé lọ, kí ó dárúkọ àwọn tí olórin kì àti ọ̀rọ̀ tí ó dá orin lé.

Ẹnìkan lè bi wá pé ta ni ó fún wa láṣẹ láti yí orúkọ olórin padà, nígbà tí ó jẹ́ pé òun ni ó yàn láti kọ ọ́ láìlámì. Ìwé àkọtọ́ kò yí ohunkóhun padà lójú olùgbọ́. Bí olórin ti kọ orúkọ rẹ̀ náà ni yóò máa wà. Bí ó ti ń pe ara rẹ̀ ni a gbà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Bí olórin bá sì yàn láti pe é bí òyìnbó, bẹ́ẹ̀ náà ni kí a kọ ọ́.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé síso ẹ̀rọ akàwé pọ̀ mọ́ orin orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣòro mọ́, àti pé ẹ̀rọ tí ó lè ka Yorùbá ti wà. Ohun tí kò sí ni àkọlé tí ó ṣe é kà. Àìfàmìsí ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gba irọ́ gbọ́ nípa ohùn, àkọlé sì kúrú ju ohun tí ẹ̀rọ afàmìsí lè tún ṣe lọ. Ọ̀nà tí àwọn àyàn ń gbà fi ìmọ̀ ènìyàn dí àlàfo ohun èlò ni a gbà ní àwòkọ́ṣe.

Àtúnṣe tí ó pé jù lọ wà lọ́wọ́ àwọn tí ń fi orin ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ wọ̀nyí, pé kí wọ́n kọ àkọlé pẹ̀lú àmì láti ìbẹ̀rẹ̀. Títí ìgbà náà, ìwé àkọtọ́ jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè lè bẹ̀rẹ̀. Kò gba owó púpọ̀, ó gba etí tí ó mọ Yorùbá. Ó dára kí a ti orí àwọn olórin tí ọjọ́ wọn ti pẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó lè sọ bí a ti ń pe orúkọ orin wọn gan-an ń dín kù lọ́dọọdún.